Jẹnẹrétọ̀ Tó Ń Bá Wa Gbé Orin

Nínú ìjọ aláṣọ funfun wa ní Igbodigo, a kì í ṣe ìdánrawò orin. A dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ìjà ló dá sílẹ̀. Láti ìgbà náà la ti fi ọ̀rọ̀ náà lé Ẹ̀mí Mímọ́ lọ́wọ́. Màmá mi ló ń dá orin, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí wọ́n máa dá, àwọn fúnra wọn kò mọ̀. Bí wọ́n bá ti lanu, onílù á kó sí i, èmi á máa fi gìtá béèsì wá ọ̀nà, afunfèrè wa tó ń gun ọ̀kadà á wọlé níbi tó bá wù ú, á sì jáde nígbà tí oníbàárà bá pè é. Orin kan lè gbé wa dé ọ̀sán. Wòlíì á ní Ẹ̀mí ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn, ṣe la kàn ń wá bí a ṣe máa parí rẹ̀.

Nígbà tí gẹ̀gẹ̀ ọrùn Màmá wá tóbi, dókítà ní àfi kí òun gé e kúrò, ó sì sọ fún wa láìfi bò pé ohùn wọn lè má padà wá bó ṣe wà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Màmá ní kí la fẹ́ kí àwọn ṣe, ṣé kí àwọn gbé gẹ̀gẹ̀ lọ sọ́run ni? Mo bá ní kí wọ́n tó lọ, ẹ jẹ́ ká gba ohùn yẹn sílẹ̀, nínú ìsìn gan-an, bó ṣe máa ń rí.

Mo mú ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wá láti Òkìtìpupa. Ó bi wá pé orin wo la máa kọ́kọ́ kọ. A ní kó bi Ẹ̀mí Mímọ́. Ó bi wá pé báwo ló ṣe máa gùn tó.

Afunfèrè ní, "Ọ̀gá, ó dọwọ́ Ọlọ́run àti oníbàárà mi."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ó wá tọ́ka sí jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìn fèrèsé, ó ní ìyẹn ò gbọdọ̀ wọ inú orin. Mo ní òótọ́ ni. Èmi gan-an ni mo bá a fa wáyà, a gbé e lọ sínú oko ẹ̀gẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán.

Ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́ rọ́rọ́. Màmá dìde, wọ́n lanu, orin kò jáde. Wọ́n tún gbìyànjú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sókè jù, ohùn há sí wọn lọ́fun. Gìtá mi wà níbi kan, fèrè wà níbòmíràn, a dà bí ewúrẹ́ tó já okùn. Mo rò pé gẹ̀gẹ̀ ti mú ohùn náà lọ kí ọ̀bẹ tó débẹ̀.

Màmá yíjú sí mi. "Ghan gbé ulé mi lọ, ghan tún ní mi kọrin."

Ilé tí wọ́n ń wí ni jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí ìjọ ti rà á, inú ariwo rẹ̀ làwọn ti ń mú ohùn. Wòlíì wúkọ́, wọ́n ní Ẹ̀mí lè gba inú ohunkóhun ṣiṣẹ́. A lọ gbé e padà. Ọkùnrin náà fajú ro, àmọ́ nígbà tí Màmá gbé orin, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Gbogbo rẹ̀ ló wọ inú ẹ̀rọ: ohùn Màmá, jẹnẹrétọ̀, àti fóònù afunfèrè tó ń dún.

Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ náà, Màmá yè. Ohùn wọn padà wá nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì há. Wọ́n ní àwọn náà ti di jẹnẹrétọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn kò dá orin mọ́. Wọ́n ń jókòó láàárín àwọn ìyá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ó dùn mí wọra. Orin tí a gbà sílẹ̀ wà lórí fóònù mi, n kì í lè gbọ́ ọ parí.

Lọ́dún yìí, ìjọ ra sólà, a pa jẹnẹrétọ̀ tì. Nínú ìsìn àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tún dákẹ́ bíi ti ọjọ́ tí a gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sóko. Ọmọbìnrin tó ń dá orin báyìí dìde, ó ń wá ibi tó máa gbé e gbà. Mo gbọ́ tí nǹkan ń kùn, mo bojú wo fèrèsé, mo ní ta ló tan jẹnẹrétọ̀. Kò sẹ́ni tó tan nǹkan kan. Màmá ni. Wọ́n jókòó, wọ́n panu dé, wọ́n ń kùn. Ọmọbìnrin náà gbé orin síbẹ̀, mo fi gìtá tẹ̀ lé e. Afunfèrè wa yọ fóònù lápò, ó pa á.