Obìnrin Tó Ń Mú Ọmọ Délé Lọ́sàn-án Gangan

Mùnírátù Ògúnkànmí kú ní Ifọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nínú yàrá kan tó háyà. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó kú gan-an. Jọmílójú, télọ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ló kíyè sí i pé korobá màmá ti wà lẹ́nu kànga láti àárọ̀, ló bá lọ kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó mú fóònù olóògbé láti wá ẹni tó máa pè, nọ́ńbà tèmi ló wà lókè pátápátá. Èmi ni màmá pè kẹ́yìn. N ò gbé e.

Kí n tó ti Ìbafọ̀ dé ibẹ̀, wọ́n ti ń da yẹ̀pẹ̀ lé e, torí ẹ̀sìn Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Èèyàn mẹ́fà ni mo bá lẹ́nu isà. Méjì nínú wọn ni wọ́n háyà láti gbẹ́ ilẹ̀. Obìnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án dáná fún ọmọ ọlọ́mọ, èèyàn mẹ́fà.

Àwọn ọmọ wo? Àwọn ọmọ akádẹ́mì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Atẹ́gùn ní Mowe, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́tàlá sí mẹ́tàdínlógún ní bọ́ọ̀lù. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ní géètì tó ń dán. Èmi náà ti fi odidi ojú ìwé kan yin géètì yẹn rí nínú ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ mi sì dùn, wọ́n gé e, wọ́n fi dígí bò ó, wọ́n gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì. N ò dé ìdí ààrò wọn lọ́jọ́ náà. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀, ìyẹ́ ni èmi sì lọ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdọọdún, wọ́n á lẹ bébà kan mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì yẹn. Ọmọ tó bá rí orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, a ti dá a sílẹ̀ nìyẹn, kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí lẹ́tà fún òbí. Ẹnikẹ́ni ò ní pe bàbá lórí fóònù. Kóòṣì tó ń pè é ní ọmọ mi láàárọ̀ ò ní sí nítòsí lọ́sàn-án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Akute, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ibogun, ká má parọ́ fúnra wa. Bí ọmọ tí gbogbo ojúlé gbàdúrà fún kó tó lọ bá ṣàdédé já wọlé pẹ̀lú báàgì lórí, kí la máa ń sọ? A máa ń ní ó jí fóònù. Tí kò bá jí fóònù, a jẹ́ pé ó mugbó. Ọmọ náà ò sì lẹ́rìí kankan. Mo mọ ọ̀kan ní Owódé Ẹ̀gbá tí bàbá rẹ̀ lù títí, tó ń bi í pé kí ló ṣe, nígbà tí kò sí ohun tí ọmọ náà ṣe ju pé kò ga tó.

Mùnírátù gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ Owódé yẹn, kò sì lè gbé e mì. Ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ládélé, máníjà akádẹ́mì, ó bẹ̀ ẹ́ kó máa kọ lẹ́tà péréte lé ọmọ lọ́wọ́, pé ọmọ yìí ò jalè. Ládélé ní iṣẹ́ tòun ni bọ́ọ̀lù, kí màmá máa ro ọbẹ̀. Ó dáa. Láti ọdún náà lọ, bí wọ́n bá ti lẹ bébà tán, màmá á fi ìkòkò sílẹ̀, á wé gèlè, á sì máa mú wọn délé lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tó kù á sùn sọ́dọ̀ ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọmọ mọ́kànlélógójì. Kò gbà kí wọ́n dé lálẹ́, kò sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé rí.

Mo wà ní Akute lọ́jọ́ tó mú Olúwajùwọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wá. Agogo méjì ọ̀sán. Àwọn aráàlé jókòó síwájú ilé, báàgì ni ojú gbogbo wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi sáré jáde, ojú ń tì í. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé ká jọ sọ̀rọ̀."

"Rárá o, ìyá Jùwọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá." Ó kọjú sí àwọn tó jókòó. "Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Èmi ni mò ń dáná fún wọn ní Mowe. Ọmọ yín rèé. Kò jalè, kò mugbó, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní kò yára tó bí àwọn ṣe fẹ́ ni. Tó bá ti jẹun, ó máa ń fọ abọ́ ara ẹ̀, ó ń fọ tẹlòmíì mọ́ ọn. Ẹ má jẹ́ kó sunkún jù."

Bàbá kan ló kọ́kọ́ dáhùn pé, "Jùwọ́n, káàbọ̀." Ìgbà yẹn ni ọmọ náà tó gbé orí sókè. Olúwajùwọ́n ti di oníṣẹ́ iná mànàmáná báyìí, ó sì máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan yẹn ni òun fi ń rìn láàárín ìgboro.

Kí wá ni ẹgbẹ́ Atẹ́gùn fi san oore yìí fún un? Ní ọdún tó kọjá, ó dákú nídìí ààrò. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n ní kó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó padà, ẹlòmíì ló ń ro ọbẹ̀, orúkọ tiẹ̀ sì wà lára bébà tó wà lára ògiri, nísàlẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ. Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan. Ta ló mú òun délé? Òun nìkan ló wọkọ̀, ó sì dá dé Ifọ̀ lọ́sàn-án gangan, bó ṣe máa ń dé, àfi pé kò sẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó máa sọ̀rọ̀.

Aráàlé wò ó. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nídìí ìkòkò, kí ni wọ́n máa ní ó jí? Wọ́n ní ìrẹsì àwọn ọmọ ló jí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ìyá Onírẹsì. Jọmílójú ló sọ fún mi, ó sì sọ ọ́ tìtìjú-tìtìjú torí òun náà pè é bẹ́ẹ̀ rí. Màmá ò jókòó síwájú ilé mọ́. Ó ń pọn omi kí aráàlé tó jí, ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Nígbà tó yá, ó pè mí. "Ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ ń kọ ìwé ìròyìn. N ò ní kẹ́ ẹ kọ nǹkan kan. Ẹ kàn wá sílé. Ẹ wá lọ́sàn-án. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn pé n ò jalè."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá, mò ń bọ̀." Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń bọ̀. Ìgbà tá a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè, ère tí mò ń gbẹ́ yìí sì ń dójú tì mí.

Sùwéébátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, dé láti Sókótó lẹ́yìn ìsìnkú. Kò lè ṣe fídàú ọjọ́ kẹjọ nínú ilé yẹn. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá se ìrẹsì fún wọn, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n máa sọ?" Mọ́ṣáláṣí àdúgbò kejì ló lọ bẹ̀ fún ààyè. Ó fẹ́ ṣe ti ogójì ọjọ́ sí ojúlé ìyá rẹ̀. Ó kù bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó pé.

Ọ̀gbẹ́ni Ládélé, mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ ní ẹgbẹ́ Atẹ́gùn kẹ́dùn, pé ẹ máa fi òdòdó ránṣẹ́. Ta ló ní kẹ́ ẹ mú òdòdó wá? Ẹ̀yin àti ẹni tó ni ẹgbẹ́, gbèsè tí ẹ jẹ obìnrin yìí ò ju ìrìn kan lọ. Ẹ já bébà yẹn kúrò lára ògiri, kí ọmọ kankan má tún dá lọ sílé láìsí àgbàlagbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ẹ sì wá sí Ifọ̀ ní ogójì ọjọ́. Kí ilẹ̀ má ṣú kẹ́ ẹ tó dé, ẹ má sì gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ dúró síwájú ilé, ẹ kí aráàlé, kí ẹ sì sọ ọ́ kí gbogbo wọn gbọ́ pé Mùnírátù ò jalè.

Agogo méjì ọ̀sán ni. Èmi á ti wà níbẹ̀.