Ilẹ̀kùn Irin Inú Àyà Zùwáírátù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Zùwáírátù jẹ́, ibi iṣẹ́ ni kí ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ má tilẹ̀ lọ bi wọ́n nílé ọkọ rẹ̀. Èmi àti òun la jọ gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Agbowó, lódìkejì ẹnu ọ̀nà yunifásítì, tí a ń ránṣọ fún àwọn ọmọléèwé. Ọmọ onílẹ̀ ni, ìdílé Mùsùlùmí tó ti wà n'Ìbàdàn kí ẹnikẹ́ni tó da ọ̀dà sí títì. Èmi Láwùmí, ọmọ Ìgbòho, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, oúnjẹ ni mo bá wá. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí ọmọbìnrin kan bá ní kí ó ran síkẹ́ẹ̀tì tó há mọ́ òun lẹ́sẹ̀, á ní, "Ṣé kí o fi dúró ni àbí kí o fi jókòó? Méjèèjì ò ní ṣeé ṣe." Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, á sì sanwó.

Ọkọ rẹ̀, Àkànmú, ń tọ́jú ẹrù ní ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé, Ọ̀jọ́ọ̀ ni wọ́n sì ń gbé. N ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kì í lu ìyàwó, kì í mutí, owó oúnjẹ kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe Àkànmú: kí ni àwọn èèyàn yóò wí? Ìyàwó rẹ̀ ni àìsàn ọ̀hún sì pa.

Ti Zùwáírátù fúnra rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ láti kékeré, kò sẹ́ni tó fura. Lọ́mọdé, ọ̀nà ọ̀fun máa ń dùn ún, ibà á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà orúnkún àti ọrùn ọwọ́ á wú. Wọ́n ní làkúrègbé ni. Wọ́n fi òrí pa á, ó lọ, wọ́n gbàgbé. Lẹ́yìn tó bí Àmínà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle. Bó bá gbé omi láti ẹnu ẹ̀rọ dé ṣọ́ọ̀bù, á jókòó kó tó lè dá ẹni tó kí i lóhùn. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, ìjókòó ló ń sùn. Àwọn aládùúgbò ní oyún ni. Nígbà tó húkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́nu, ni wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù.

Èmi náà tẹ̀lé wọn lọ lọ́jọ́ tí Dókítà Akínsànyà là á yé wọn. Dókítà náà dìde, ó di ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mú. Ó ní ọkàn èèyàn ní ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọlé, ilẹ̀kùn á padé lẹ́yìn rẹ̀ kó má baà padà síbi tó ti wá. Ọ̀nà ọ̀fun tó ń dùn ún lọ́mọdé, tí abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ì bá ti wò sàn, òun ló bá ilẹ̀kùn kan jà nínú ọkàn rẹ̀, tí ojú ọgbẹ́ fi gan síbẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ò ṣí tán mọ́, kò sì padé tán.

"Kí la ó wá ṣe, dókítà?" Àkànmú ló bi í.

"Mo lè fún un lóògùn tó ń fa omi kúrò lára, ìyẹn á jẹ́ kó rí oorun sùn, àmọ́ kò ní tún ilẹ̀kùn ṣe. À bá ní kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ là á níbi tó ti lẹ̀ pọ̀. Tirẹ̀ ti le ju ìyẹn lọ. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ló kù. Irú méjì ló sì wà. Ọ̀kan, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un. Kì í dún, kì í sì í sábà ní kéèyàn máa lo oògùn títí ayé. Àmọ́ ó máa ń gbó. Bó bá tó bí ọdún mẹ́wàá, a lè tún àyà là. Èkejì, irin ni. Irin kì í gbó, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ fẹ́ràn láti máa dì mọ́ irin. Ẹni tó bá ní i lára gbọ́dọ̀ máa lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lójoojúmọ́, títí dọjọ́ ikú, a ó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bó bá sì lóyún, oògùn yẹn lè ba ọmọ inú jẹ́."

Láti ibi ẹlẹ́dẹ̀ ni Àkànmú ò ti gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo rí i lójú rẹ̀.

Wọ́n lọ bá ààfáà àdúgbò wọn, bàbá arúgbó kan tó mọ̀wé dáadáa. Zùwáírátù ló ròyìn fún mi. Bàbá náà gbọ́ ọ títí, ó ní, "Ọlọ́run ò fi ìnira sínú ẹ̀sìn. Ọ̀ràn ẹ̀mí ni, ìyọ̀ǹda wà fún un." Zùwáírátù yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ààfáà. Ọlọ́run lè yọ̀ǹda, Ìbàdàn ò ní yọ̀ǹda. Ta ni yóò rí mi ní mọ́sáláṣí tí kò ní wí pé ẹlẹ́dẹ̀ ń bẹ láyà ìyàwó mi?"

Bí wọ́n ṣe mú irin nìyẹn. Mo fẹ́ kó yé yín: irin ò burú. Dókítà pàápàá ní bó bá jẹ́ òun ni yóò yàn fún ẹni ọjọ́ orí rẹ̀, irin lòun yóò mú. Ìdí tí wọ́n fi mú un ló ń bí mi nínú títí dòní. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní fi etí gbọ́ ni wọ́n sá fún, wọ́n wá gbé irin tí gbogbo ayé ń gbọ́.

Bàbá Zùwáírátù ta ilẹ̀ kan ní Mọ́níyà, Zùwáírátù sì wọkọ̀ òfuurufú lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1983. Nígbà tó dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ, àpá gùn láyà rẹ̀ láti abẹ́ ọ̀fun wálẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ gun òkè Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ kan láìdúró, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Láwùmí, mo mí, ó dénú." Mo sunkún. Òun ò sunkún, ó ní kí n yéé da omi sáṣọ oníbàárà.

Àfi ìró. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a jọ dá máṣíìnì dúró, mo gbọ́ kẹ́, kẹ́, kẹ́. Mo wo aago ọwọ́ mi. Ó bú sẹ́rìn-ín, "Èmi ni, kì í ṣe aago. Olè ò lè jà nílé wa kí n sá pamọ́." Dókítà ti sọ fún un, lójú ọkọ rẹ̀, pé ìró yẹn ni ẹ̀rí pé ilẹ̀kùn ń ṣí, ó sì ń tì, kí wọ́n máa tẹ́tí sí i. Síbẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù ni ara ti ń tù ú jù. Bí àwa méjèèjì bá ti fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tó wà láyà ẹnikẹ́ni.

Ilé ò ní máṣíìnì. Níbẹ̀rẹ̀, Àkànmú ń pe ọ̀rẹ́ wá gbọ́ ọ bí ẹni ra rédíò tuntun. Nígbà tó ṣe, kò pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wá dọjọ́ kan ní mọ́sáláṣí, lápá àwọn obìnrin, gbogbo wọn forí kanlẹ̀, ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn ìrun, ìyá kan bèèrè sókè pé, "Ta ló gbé aago wá sáàárín wa?" Kó tó di alẹ́, ọ̀rọ̀ ti dé etí Àkànmú. Ó kó ẹní àti ìrọ̀rí lọ sí pálọ̀. Ó ní òun fẹ́ kí ìyàwó òun rí ìsinmi ni.

Zùwáírátù rò ó fún mi lórí àwọn bùbá tí a ń ṣẹ́ létí. "Láwùmí, nígbà tí mò ń kú lọ, ọkùnrin yìí ń sùn tì mí. Mo wá yè tán, ó kó lọ sí pálọ̀." Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, inú àwa méjèèjì ò dùn.

Ibẹ̀ ni ìyá Àkànmú, Àlàájà Ràfátù, ti bọ́ sí i. Ìyá yìí fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ gidi. Ó jókòó tì í, ó tẹ́tí gbọ́ ìró náà, ó mi orí. "Àgbá òfìfo ní í pariwo," ó wí bẹ́ẹ̀. "Àgbá tó bá kún, gbá a títí, kò ní dún. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ni ò kún." Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í se ẹ̀fọ́: ṣọkọ láàárọ̀, tẹ̀tẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń fún omi ewé úgú sínú kọ́ọ̀bù, ó ń bu mílíìkì sí i. Dókítà ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ lójijì, nítorí ó máa ń bá oògùn náà jà. Ta ló fẹ́ gbọ́ pé ẹ̀fọ́ ń bá èèyàn jà?

Ó wá bèèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ìyàwó mi, oògùn tóò ń lò yìí, kí ló ń ṣe?"

"Kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ki jù ni, Ìyá."

Àlàájà figbe ta. "Háà! À ń rọ omi sínú àgbá, dókítà ń lu ihò sí i nídìí!"

Zùwáírátù ò kọ́kọ́ gbà. Ó sọ ọ́ fún mi bí ẹ̀fẹ̀. Àmọ́ Àkànmú náà gbọ́. Kò ní kó má lo oògùn mọ́ o. Irú wọn kì í sọ ohun tí èèyàn á fi mú wọn. Ohun tó sọ ni pé, "Ìyá mi ò lè fẹ́ ibi fún ọ." Zùwáírátù bẹ̀rẹ̀ sí í gé oògùn sí méjì. Lẹ́yìn náà ó ń fo ọjọ́. Lẹ́yìn náà, bí mo bá bi í nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, á ní wọ́n ní kí òun padà wá, á sì tẹ máṣíìnì.

Ìró náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ wé aago. Àkànmú gbọ́ ọ láti pálọ̀, tàbí kí n ní kò gbọ́ ọ mọ́, ó ká ẹní rẹ̀, ó padà sí yàrá.

Lọ́jọ́ kejì, Zùwáírátù wá sí ṣọ́ọ̀bù tòun ti láàlì lẹ́sẹ̀. Ó fà mí lọ́rùn, ó fi etí mi lé àyà rẹ̀. "Gbọ́!"

"N ò gbọ́ nǹkan kan."

"Àbí o ò rí i!"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Zùwáírátù, bí ìró máṣíìnì rẹ bá yí padà, ṣebí o máa ń ṣí ìdí rẹ̀ wò? Òwú ló máa ń dì síbẹ̀. Irin kì í dákẹ́ lásán. Jẹ́ ká lọ bá dókítà nísinsìnyí."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń mí, mo sì rí i pé mímí náà ti ń padà di ti àtijọ́. "Mo mọ̀," ó wí. "Ṣé o rò pé n ò mọ̀ ni? Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n jẹ̀gbádùn díẹ̀. Ó fọwọ́ lé mi lára lánàá, Láwùmí. Wọ́n fẹ́ ṣe sàráà lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí a bá ṣe é tán, màá lọ."

Mo bínú, mo pariwo lé e lórí. Mo ní sàráà ò ní sá lọ, ẹ̀mí ló ń sá lọ. Ó fẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, kò sì gbọ́ mi mọ́.

Wọ́n ṣe sàráà. Wọ́n pa àgbò. Àkànmú wọ agbádá funfun, ó dúró láàárín èrò, ó ní Ọlọ́run ti pa ìró náà lẹ́nu mọ́, gbogbo wọn ṣe àmín. Ààfáà arúgbó yẹn nìkan ló bèèrè pé, "Ṣé dókítà ti rí i?" Àkànmú rẹ́rìn-ín, "Ààfáà, ohun tí Ọlọ́run ṣe, kí ni dókítà fẹ́ wò níbẹ̀?" Zùwáírátù jókòó sórí àga, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Ó ní èéfín ẹran ló ń di òun lọ́fun.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, apá rẹ̀ ọ̀tún rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan. Mò ń múra ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ọkọ̀ aládùúgbò la fi gbé e. Ó ń wò mí lójú ọ̀nà, ó fẹ́ sọ nǹkan, ọ̀rọ̀ ò jáde, lẹ́nu tó mú tó bẹ́ẹ̀. Dókítà Akínsànyà gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e, ó tẹ́tí, ó pẹ́ lórí ìdúró. Ìrun ọ̀sán ò bá a láyé.

Dókítà jáde wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. À bá fẹ́ kó jágbe. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dì mọ́ ilẹ̀kùn náà, ó dè é pa, èyí tó já níbẹ̀ ló lọ sí ọpọlọ. Ó ní kì í ṣe ohun tó bẹ̀rẹ̀ lónìí.

"Ìró rẹ̀ á ti máa lọ sílẹ̀ látọjọ́ mélòó kan wá," ó wí. "Ìró yẹn ni mo ní kí ẹ máa tẹ́tí sí. Ṣé nínú gbogbo ilé, kò sẹ́nì kan tó gbọ́ pé ó dákẹ́ ni?"

Àlàájà Ràfátù wó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àkànmú ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"A gbọ́, dókítà," ó wí. "Gbogbo wa la gbọ́. A pa àgbò sí i."