Gẹ̀ẹ́sì Tí Mo Fi Etí Kọ́

Mo rántí ìgbà tí ohùn ọkùnrin kan tí n kò rí rí máa ń bá mi sọ̀rọ̀ létí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ mi á wà nínú irun oníbàárà, òórùn ìpara àti ti irun àtáṣímẹ́ǹtì tí a fi iná jó lẹ́nu á gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin náà á sì máa sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò sí ohun tó ń kánjú lé. Ọ̀wọ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Oyún àkọ́bí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà náà, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé kí n tó bí ọmọ náà, n ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìpele, ìlú kan nítòsí Ọ̀wọ̀, ni wọ́n bí mi sí, ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Mo lọ sílé ìwé, mo sì jáde, ṣùgbọ́n Yorùbá ni àwọn olùkọ́ wa fi kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo lè kà á díẹ̀, mo lè kọ ọ́ díẹ̀, àmọ́ bí ẹnìkan bá sọ ọ́ sí mi lójú, ńṣe ni n ó máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń ya ní fọ́tò. Ilé tíṣà ni mo wá lọ́kọ sí. Ará Àkókó ni wọ́n, iṣẹ́ ìjọba ló gbé wọn wá sí Ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi kọ́lé síbẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe tíṣà kó tó fẹ̀yìn tì, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba. Èdè Ọ̀wọ̀ tí mo gbọ́ lẹ́nu bàbá mi, ìyá ọkọ mi kò gbọ́ ọ tán. Èdè Àkókó tirẹ̀, ọkọ mi pàápàá kò lè sọ ọ́ dáadáa, torí Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí i sí. Yorùbá inú ìwé ni gbogbo wa fi ń pàdé. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá àti ọmọ máa ń bọ́ sí, níṣojú mi, láì tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ni ògiri wọn.

Èmi tí mo wà lẹ́yìn ògiri ńkọ́? Mo gbà pé èmi ni wọ́n ń bú. Bí ìyá ọkọ mi bá sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ojú rẹ̀ sì yà sí ìhà ìkòkò, iyọ̀ ọbẹ̀ mi nìyẹn. Bí ọkọ mi bá rẹ́rìn-ín sí i, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Mo ń sọ nínú ara mi pé, "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èdè yìí ná."

Àgùnbánirọ̀ kan, ọmọ Ìgbò, ló là mí lọ́nà. Ó wá dirun lọ́dọ̀ mi, kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà ò lè sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ la fi ń júwe títí irun náà fi parí. Kó tó lọ, ó gba fóònù mi, ó sì fi ohun tí wọ́n ń pè ní pọ́díkáàsì hàn mí. Ètò bíi ti rédíò ni, ṣùgbọ́n orí fóònù ló wà, èèyàn lè dá a dúró nígbà tó bá wù ú, kó sì tún un gbọ́. Mo yọ̀! Mo lọ wá èyí tí àwọn kan ti ń jiyàn òṣèlú, mo fi okùn fóònù sétí, mo sì ń retí kí Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ mí lára bí òróró. Ó dà bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù: mo ń gbọ́ ariwo rẹ̀, ẹ̀kán omi kan ò kàn mí lára.

Nígbà tí àgùnbánirọ̀ náà padà wá tó bi mí pé kí ni mo ti gbọ́, ẹ̀rín fọ́tò mi ni mo rín. Ó ti kọ́ Yorùbá díẹ̀ lọ́jà, òun ló sì fi dá mi lóhùn. "Àǹtí, èyí le jù," ó ní. "Kékeré, kékeré." Ó bá mi wá èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn tó ń kọ́ èdè náà, tí kò gùn, tí ọkùnrin inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń fún ọmọ lóúnjẹ. Yorùbá díẹ̀ yẹn àti ọwọ́ ló fi júwe pé kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ dé òpin láì dá a dúró, kí n sáà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dá lé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí n máa dá a dúró ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí n sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ tẹ̀lé ọkùnrin náà, sókè, kó dún bó ṣe dún lẹ́nu rẹ̀. Kí n tún padà sí i lọ́jọ́ kejì kí n tó mú òmíràn. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé ohunkóhun tí mo bá kọ́, àfi kí n fi bá òun sọ̀rọ̀ bí òun bá tún wá.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn àwọn oníbàárà. Ọ̀kan nínú wọn yí ọrùn padà lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ó ní, "Àǹtí onírun, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Mo ní ará Lọ́ńdọ̀nù ni. Ó fi ìlàjì irun sílẹ̀ lọ sílé, kò sì padà wá mọ́. Ìgbà kan tún wà tí mo gba ohùn ara mi sílẹ̀ sínú fóònù, kí n lè fi wé ti ọkùnrin náà. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù náà nù. Mo rò pé ewúrẹ́ ló wọlé.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ní àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ la ọ̀rọ̀ ikú mọ́lẹ̀, wọ́n á ní ẹni náà "páàsì àwéè", pé ó kọjá lọ. Páàsì tí èmi mọ̀, páàsì ìdánwò ni. Ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn náà ń fi aṣọ bo ikú lójú, bí àwa ṣe ń sọ pé àgbà sùn, tàbí pé ó filẹ̀ ṣaṣọ bora. Mo ń sọ ọ́ tẹ̀lé e, mo ń rẹ́rìn-ín, títí tó fi dán lẹ́nu mi.

N kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nílé. Mo fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ ìkómọ ni n ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn àlejò wọn lóhùn, kí ẹnu ya gbogbo wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. N kò mọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni. Oyún ti wọ oṣù keje. Mo jókòó sí kíṣìnnì, mo ń ṣa ẹ̀wà nínú ọpọ́n, ilẹ̀kùn sí pálọ̀ ṣí sílẹ̀. Fóònù ọkọ mi dún, ó gbé e jáde síta. Nígbà tó wọlé padà, n kò gbọ́ kó jókòó. Ìyá rẹ̀ bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló ṣẹlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ló fi dáhùn, kedere, bí ẹni tó ń ka ìwé: bàbá rẹ̀ páàsì àwéè láàárọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nínú mi, ayọ̀ ni. Mo gbọ́ ọ! Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀. Ẹnu mi ti fẹ́ máa sọ ọ́ tẹ̀lé e bí mo ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rín sì ti wà létè mi. Lẹ́yìn náà ni ìtumọ̀ rẹ̀ tó dé. Àwa Yorùbá, "bàbá rẹ̀" lè jẹ́ bàbá ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì máa ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Bàbá obìnrin ni ọkọ mi wí. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan sì ni obìnrin inú ilé náà. Bàbá ìyá ọkọ mi sì ti kú tipẹ́tipẹ́.

Ọwọ́ mi dúró sínú ẹ̀wà. Bàbá mi tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìpẹ́ yìí, tó ní iṣu tuntun òun ti ta, kí n wá kó o! Mo ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìyá ọkọ mi láti pálọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, mo sì ń gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń tú u fún mi. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ìyàwó òun. Ó ní kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ará Ìpele kan má baà pè é. Ó ní kó dé ilé bàbá rẹ̀ ná, kó jókòó, òun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun á dì í mú.

Ó wọ kíṣìnnì wá.

"Ìyàwó mi, fi ẹ̀wà yẹn sílẹ̀," ó ní. "Ó rẹ bàbá wa ní Ìpele díẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ọ. Yá mi ní fóònù rẹ, owó ti tán nínú tèmi."

Mo gbé fóònù náà fún un. Mo ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì." Títí dòní, n kò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu yẹn. Ó bá mi wọ bàtà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú eékún tó ń dùn ún, ó sì bá mi wọ ọ́.

Ọ̀nà Ìpele kò jìn sí Ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ mi rọra ń wa mọ́tò bí ẹni tó kó ẹyin. Èmi àti ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó di ọwọ́ mi mú. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ohùn rẹ̀ balẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé oòrùn mú. Ó ní kí ọmọ òun rọra, kò sí ìkánjú, òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó ní nígbà tí bàbá òun kú, orí pápá ilé ìwé ni òun wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, ẹnìkan sì ké e sí òun láti orí ọkọ̀ tó ń kọjá lọ. Òun ṣubú lulẹ̀. Oyún wà nínú òun. Ọmọbìnrin ni, ó ní, wọ́n fi hàn òun kí wọ́n tó gbé e lọ. Ó wá sọ fún ọkọ mi pé, "Ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi."

Mọ́tò náà yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ igbó kí ọkọ mi tó fà á padà. Kò gbọ́ ọ rí. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò gbọ́ pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Ó dá mọ́tò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó gbé orí lé ọwọ́. Ìyá ọkọ mi sì tún fún ọwọ́ mi, ó yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ kí n má baà fura.

N kò lè fara dà á mọ́. Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti ń tọ́jú de ọjọ́ ìkómọ jáde lẹ́nu mi.

"Mọ́mì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́," mo ní, ní Gẹ̀ẹ́sì. "Mo ti gbọ́. Láti kíṣìnnì ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Bí òkúta bá sọ̀rọ̀, wọn ò lè wò ó bí wọ́n ṣe wò mí. Ọkọ mi yí padà, ẹnu rẹ̀ là. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ gbá àyà.

"Jésù! Láti ìgbà wo?" Yorùbá ló fi bi mí.

Mo fẹ́ dá a lóhùn, ẹkún ló jáde. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì mi tán síbẹ̀. Èdè Ọ̀wọ̀ ni mo fi ń pe bàbá mi, bí mo ṣe ń pè é láti ìta nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyá ọkọ mi fà mí mọ́ra, ó fi ọwọ́ kan ti ikùn mi lábẹ́, ó ń sọ pé, "Sunkún. Mo dì ọ́ mú. Sunkún." Òun náà ń sunkún, n kò sì mọ ẹni tó ń sunkún fún.

Nígbà tí a dé Ìpele, àwọn àgbà ti jókòó dè wá, wọ́n ti mọ ẹni tó máa sọ ọ́ àti bó ṣe máa sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, òun náà ló pe ọkọ mi láàárọ̀, wo ojú mi tó ti wú, inú bí i.

"Ta ló ti sọ fún aboyún yìí lójú ọ̀nà?"

Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀, tíṣà àgbà bẹ́ẹ̀. "Èmi ni, bàbá. Ẹ bínú sí mi." Kò mẹ́nu kan Gẹ̀ẹ́sì, kò sì wo ìhà ọ̀dọ̀ mi.

Mo bí ọmọ náà láyọ̀ nígbà tí àkókò tó. Lọ́jọ́ ìkómọ, àwọn àlejò sọ Gẹ̀ẹ́sì sí mi, mo sì dá wọn lóhùn. Ẹnu kò ya ẹnikẹ́ni nínú ilé wa mọ́. Ọmọ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Àgùnbánirọ̀ náà ti parí iṣẹ́ ìsìn rẹ̀, ó ti padà sílùú rẹ̀, a ṣì ń kí ara wa lórí fóònù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá dirun máa ń bi mí bí mo ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó báyìí. Mo ń sọ fún wọn: ẹ mú èyí tí kò gùn, ẹ fi ẹnu sọ ọ́ tẹ̀lé e, ẹ tún un gbọ́, kí ẹ sì wá ẹni tí ẹ ó fi bá sọ̀rọ̀. Mo ń sọ ìyẹn fún wọn. N kì í sọ nípa ayọ̀ tó ṣáájú ìtumọ̀ wọlé, torí n kò tí ì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní èdè kankan.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ìyá ọkọ mi jókòó sí ẹ̀yìn ilé, a ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti dàgbà gan-an, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Láìsí ohun tó fà á, ó ní, "Ìyàwó mi, mo bí ọmọbìnrin kan rí o." Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ó sọ ti pápá ilé ìwé, ó sọ ti ẹni tó ké látorí ọkọ̀, ó sọ bí irun orí ọmọ náà ṣe pọ̀ tó, èyí tí kò sọ nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà. N kò rán an létí pé mo ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò. Mo gbé ọpọ́n ẹ̀gúsí sílẹ̀, mo sún mọ́ ọn, mo sì gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.