Tíṣà Vasanta, Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ ní Ilé Òkú

Tíṣà Vasanta kú ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, oṣù kẹta ọdún 1996, lẹ́yìn aṣọ ìkélé gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́ tó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ ní Sharjah, lẹ́bàá Dubai. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́ fún eré tó kọ. Òun ti dákẹ́.

Opó ni, ọmọ Íńdíà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní sílé. Bedspace, yàrá tí kálukú ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, la jọ ń gbé ní àdúgbò Rolla, èmi, òun àti Raliat, ọmọ Èkó tó ń ra aṣọ ní ọjà Deira ní Dubai, tó ń fi ránṣẹ́ sílé fún títà. Bá a bá ti ń ṣa ìrẹsì ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Tíṣà á máa sọ ìtàn àtijọ́ àwọn Híńdù fún wa: ọba kan tí wọ́n jí aya rẹ̀ gbé. Ọba jagun, ó gbà á padà, ó wá ní kó rìn wọ iná, kóun lè mọ̀ bóyá kò ṣe ìṣekúṣe. Iná ò jó o. Síbẹ̀, nígbà tí ará ìlú ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, ọba lé e sígbó tòun ti oyún.

"Ẹnu ọba ni wọ́n fi ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí," Tíṣà á wí. "Èmi fẹ́ gbọ́ tẹnu ìyàwó."

Raliat á pòṣé. "Habibi, ọ̀rẹ́ mi, ká ní èmi ni, ọba ló máa kọ́kọ́ wọná!"

Tíṣà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ yẹn sínú eré, ó fi sẹ́nu ayaba.

Lọ́sẹ̀ tó kú, àyà ń dùn ún. Ó tọrọ àyè nílé ẹ̀kọ́ kó lè lọ rí dókítà. Wọ́n ní kó jẹ́ kí eré parí ná. Eré ti parí. Ṣé ọkàn yín balẹ̀ báyìí?

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lòkú rẹ̀ fi wà nínú yìnyín, torí ilé ẹ̀kọ́ tó gba físà fún un ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó gbé e relé. Ẹ̀ẹ̀mẹta lèmi àti Raliat lọ bẹ̀ wọ́n nílé ẹ̀kọ́ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọmọ rẹ̀ ń retí," Raliat bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́.

"Khalas! Ó tó! Ọwọ́ mi dí. Àwọn kan ní Dubai fẹ́ wo eré náà."

"Eré ta ni, sà?"

Ó na ìwé ìkéde sí wa. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ ló kọ síbẹ̀ pé òun ló kọ eré!

Raliat jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ní òun ò dìde. Àwọn òbí tó wá mú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ń sọ fún wọn. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀gá tí ọwọ́ rẹ̀ dí fi rí bírò. Wọ́n gbé Tíṣà relé.

Mi ò kọ èyí kẹ́ ẹ lè bá mi sunkún. Lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n á tún ṣe eré náà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Al Rigga, ní Dubai. Kí ọ̀gá yẹn kọ́kọ́ bọ́ síwájú èrò, kó pe orúkọ Vasanta. Kó dá ìwé eré tí Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ padà fún ọmọ Tíṣà. Kó wá sọ fún wa, lójú gbogbo ayé, ẹni tó ní kí obìnrin tí àyà ń dùn dúró dìgbà tí eré bá parí.