“Má” Ni Mo Wí, Albẹtínì, Kì Í Ṣe “Máa”

Albẹtínì! Ta ni o tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó lọ? Ó dìgbà wo, ìwọ obìnrin yìí, ó dìgbà wo ni a tún máa fojú kan ara wa, tí o fi kó ẹsẹ̀ rẹ kúrò nílé láàárín ìjà, bí ẹni pé a ti bá ara wa parí ọ̀rọ̀?

Wọ́n ní kí n sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú ìwé ìsìnkú rẹ. Bísí, ọmọ rẹ obìnrin, ló jókòó tì mí tó ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fa ohunkóhun gùn níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Kétu, Odomèta àti Adakplamè wá sí Idigny lónìí láti bá wa sọkún, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ ìyìn pàdé ní àwọn ojú ìwé yòókù. Wọ́n á pè é ní ìyá àtàtà, aláàánú, onínú tútù. Èmi ni ìyáálé rẹ̀. Ọkọ kan náà ló fẹ́ wa, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá wa, láti ìgbà tí Bàbá sì ti kú, àwa méjèèjì la kù nínú ilé náà tí a ń bá ara wa jà. Mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo àwọn tó ń yìn ín lọ.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọ, Albẹtínì. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni ọ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ kì í dọ̀tí, aṣọ rẹ kì í rún, o kò sì fi ọmọ mi ṣe ọmọ ọlọ́mọ lọ́jọ́ kan. Bí o bá sè, tèmi á wà níbẹ̀, kódà bí a kò bá kí ara wa láàárọ̀. Ṣùgbọ́n alágídí ni ọ́. Àgídí rẹ kò jẹ́ kí n sun oorun ọ̀sán fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Kí ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ lè mọ̀: ẹ̀rọ ọ̀dìnátọ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní kọ̀ǹpútà, ni orogún mi fi ń ṣe orin. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Kétu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé, ó ń ṣe fọ́tókópì. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ kan ti wá lẹ ìkéde mọ́ ògiri pé àwọn fẹ́ kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ dá orin. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ń wá. Ìwọ ni o lọ, ìwọ tí irun funfun ti ń yọ lórí rẹ. Wọ́n ní nígbà tí o wọlé, wọ́n rò pé o wá mú ọmọ rẹ lọ sílé ni. O kí wọn, o lọ jókòó síwájú.

Ọjọ́ tí o gbé ọ̀dìnátọ̀ àlòkù yẹn dé, mo bi ọ́ pé kí ló wà fún. O ní, “Ìyáálé mi, mo fẹ́ máa ṣe orin.” Mo ní ta ló sọ fún ọ pé a ń wá olórin nílé yìí? O rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ yẹn wà lára ohun tí ń bí mi nínú jù.

Mo rò pé o kàn máa tẹ nǹkan kan ni, orin á sì jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ni o ń kọ. Ìlà kan á tẹ̀lé òmíràn: orúkọ ìró, iye ìgbà tí yóò dún, bí yóò ṣe sinmi pẹ́ tó kí ó tó tún dún. Wọ́n ní kóòdù ni wọ́n ń pè é. Bí o bá ṣí àmì àkámọ́ kan tí o gbàgbé láti pa á dé, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́, ẹ̀rọ á kọ ọ̀rọ̀ pupa síwájú rẹ. Mo fẹ́ràn àwọn ọjọ́ àkámọ́ yẹn gan-an. Ilé á tòrò. Ṣùgbọ́n n kò ní tíì nà tán lórí ẹní mi tí màá fi gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri: “Vwalà! Mo ti rí i!” Kí-kí-kí, kí-kí-kí, ó tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Orin àkọ́kọ́ tí o ṣe kò dára. Mo ń sọ ọ́ síbí nítorí pé ẹlòmíràn kò ní sọ ọ́ lónìí. Ó dún bí ẹni tó ń kan ìṣó mọ́ páànù. Ìwọ náà mọ̀ pé kò dára, o kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni tù ọ́ nínú. O máa ń sọ pé, “Etí mi ló ń kọ́ mi, kò sì tíì gbà.” O ní ẹ̀rọ náà fẹ́ kí ohun gbogbo máa lọ ní mẹ́rin-mẹ́rin, pé àwa obìnrin ilẹ̀ yìí kì í sì í gún nǹkan lódó bẹ́ẹ̀. O wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó mi, o ń fi ìka kan itan rẹ bí mo ṣe ń gún iṣu. Mo gún un nítorí pé iṣu wà nínú odó, kì í ṣe nítorí tìrẹ. O padà wọlé, o pa gbogbo ohun tí o ti kọ rẹ́, o tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó gbà ọ́ ní ọ̀pọ̀ ọ̀sán. Nígbà tó wá dún, ọwọ́ mi dúró sínú omi tí mo fi ń fọ abọ́. Mo dá odó mi mọ̀. Kí ó wà nínú ìwé nígbà náà pé obìnrin yìí kọ́ iṣẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n.

Láti ìgbà yẹn ni ilé ti di ibi tí ènìyàn kò lè húkọ́ ní ìfọ̀kànbalẹ̀. O na pọ́tábù rẹ, fóònù ọwọ́ rẹ, sí ohun gbogbo, o ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lọ gbágùúdá lọ́nà Odomèta, o gbà á. Asẹ́ tí mo fi ń jọ̀ gàrí, o gbà á. Ewúrẹ́ mi ń rọbí, o wà níbẹ̀. Alùpùpù sẹmijan kan tó ń gbé èrò kọ̀, kò ṣíná lẹ́nu ọ̀nà wa, o lọ bẹ ẹni tó ni ín pé kó má tíì tún un ṣe. Ọkùnrin náà wo ọ́, ó wo èmi, ó ní, “Màmá, ṣé ara wọn yá?” Mo ní kó má bi mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń yan gàrí. Iná ń jó mi lójú. Ìwọ sì ti tan báfù rẹ, àpótí tó ń gbé ohùn jáde yẹn, o ń yí nọ́ńbà kan padà, o tún ń yí i, ìlù kan náà ń lọ, ó ń bọ̀. Mo gbàgbé ọwọ́ mi nínú agbada. Gàrí mi jóná. Mo dìde, mo kọjú sí ògiri, mo sì fi gbogbo agbára mi ké pé, “Albẹtínì! Má lù ú mọ́! Má lù ú!” Ohun tí mo wí nìyẹn. Aládùúgbò gbọ́. Ọlọ́run gbọ́. Pọ́tábù rẹ náà gbọ́, nítorí o ti gbé e sórí ògiri láti fi gba ohùn ẹyẹ ẹ̀ga.

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan. Wọ́n tan orin. Mo kọ́kọ́ gbọ́ odó. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ara mi. “Albẹtínì! Máa lù ú! Máa lù ú!” Tọmọdé tàgbà ń jó, wọ́n ń bá mi ké e. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n já aṣọ lára rẹ̀ níta gbangba.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti pàdánù orúkọ mi. “Ìyá Máa-lù-ú, ẹ káàárọ̀ o!” “Ìyá Máa-lù-ú, gàrí yín dà?” Títí dé ọjà Adakplamè ni wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀, èmi tí àwọn àgbà ọkùnrin ń yọ fìlà kí. Mo délé, mo bi ọ́ bí o ṣe ṣe é. O kò tilẹ̀ tijú. O gbé àga fún mi síwájú ẹ̀rọ, o fi ohùn mi hàn mí, ìlà kan tó ń ga tó ń wálẹ̀. O ní, “Ẹ wò ó, ìyáálé mi, mi ò fi nǹkan kan kún un. Mo gé ‘mọ́’ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, mo fa ‘má’ gùn díẹ̀, mo wá jẹ́ kí ìdí rẹ̀ wálẹ̀. Mo kàn fà á ni.”

O kàn fà á! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi wò ó. Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa kò ní mọ ohun tó ṣe. Fa “má” gùn kí ìparí rẹ̀ wálẹ̀, ìkìlọ̀ ti di ìyànjú nìyẹn. Ẹni tó ń lé ọ ti di ẹni tó ń ṣe kóríyá fún ọ. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Ìwọ mọ ibi tí o fi ọ̀bẹ sí gan-an.

Mo ní kí o pa á rẹ́. O kọ̀. Àwọn àgbà ẹbí pè wá jókòó, wọ́n bá ọ sọ̀rọ̀ títí. O kúnlẹ̀, o bẹ̀ mí, o dìde, o tún kọ̀. O ní, “Ẹ má bínú, ìyáálé mi. Bí mo bá yọ yín kúrò níbẹ̀, kò ní dúró.” Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ já láàárín wa. Àwọn ọmọ ni a ń rán sí ara wa. “Lọ sọ fún ìyáálé mi pé omi wọn ti gbóná.” “Lọ sọ fún un pé mi ò wẹ̀.” Mo wẹ̀ ṣáá, ṣùgbọ́n o gbọ́ ohun tí mo wí.

Nígbà tí àyà ń dùn ọ́, tí wọ́n gbé ọ lọ sí ọsibítù, èmi ni mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. O la ojú, o ní, “Ìyáálé mi, ẹ tún ti wá bá mi jà níbí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kí o yáa dìde, ilé la ti máa jà á. O ní kí n bá ọ mú kásìkì tí o máa ń dé sétí wá lọ́jọ́ kejì, pé ibì kan kù nínú orin kan tí kò tíì dára. Mo mú un wá. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti fi aṣọ bò ọ́ lójú.

Bísí wá sọ fún mi pé àwọn fẹ́ kí orin yẹn máa dún nígbà tí wọ́n bá ń gbé pósí rẹ jáde. Mo ní láéláé. Mo ní ohùn mi ni, mi ò fún ẹnikẹ́ni, alààyè tàbí òkú. Ọmọ náà kò bá mi jiyàn. Ó ní òun á yọ mí kúrò nínú rẹ̀. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ, ó yọ mí, ó tan án kí n gbọ́. Òótọ́ ni o wí, kò dúró. Ó kàn ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ènìyàn.

Mo ní ó dáa, kó wá èyí tí ìwọ fúnra rẹ ti sọ̀rọ̀, ohùn tìrẹ ni kí wọ́n fi sin ọ́. Bísí wá a láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Ohùn mi wà. Ti ewúrẹ́ wà. Ti obìnrin tó ń kiri búrẹ́dì wà, àti ti àwọn ọmọ iléèwé tó ń ka ìwé pa pọ̀. Tìrẹ kò sí. Gbogbo ibi tí o bá ti sọ̀rọ̀, tí o bá ti rẹ́rìn-ín, o ti gé e. Bísí ní o máa ń sọ pé ohùn rẹ kò dùn, pé ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Ta ló bi ọ́ bóyá ó dùn? O ṣa ohùn gbogbo wa jọ, o wá nu tìrẹ kúrò bí ẹni ń nu tábìlì! Ìbínú tó bí mi lọ́jọ́ tí gàrí mi jóná, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Mo sọkún, ẹ̀yin ará. Mo bú u, mo sì ń sọkún.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí Bísí dá mi padà sínú orin náà, kó tan án. Mo jókòó, mi ò di etí. O gé “mọ́” kúrò lóòótọ́. O fa “má” lóòótọ́. Ṣùgbọ́n “Albẹtínì” ńkọ́? O kò fọwọ́ kàn án. Bí mo ṣe ké e gẹ́lẹ́ ni o fi í sílẹ̀, kò gùn sí i, kò kúrú. Nínú gbogbo ẹ̀rọ yẹn, ibẹ̀ nìkan ni o wà, lẹ́nu mi, pẹ̀lú ìbínú.

Nítorí náà wọ́n á lù ú lónìí. Èmi ni mo gbà bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ti dárí jì ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jó, kó jó, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé “má” ni mo wí. Èmi á máa pè ọ́ láti inú báfù náà títí wọn yóò fi gbé ọ dé ẹnu ihò. Gbogbo Idigny á gbọ́ pé mo pè ọ́. Wọ́n á sì gbọ́ pé o kò jẹ́ mi.

Sùn re o, Albẹtínì, orogún mi. Sùn dáadáa. Inú rẹ ṣì ń bí mi.