Ìda Mẹ́ta àti Ìkíni Ìyá Rábì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé giramafóònù lérí láti Gbági dé Ọjà'ba, ọrùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà. Igi ni àpótí rẹ̀, irin ló kún inú rẹ̀, ìwo tí ohùn ń gbà jáde sì fẹ̀ bí agbada àkàrà. Mo sọ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ igi, mo yí ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi le, mo fi abẹ́rẹ́ lé àwo orin lórí. Ohùn ọkùnrin Èkó kan jáde. Àwọn èèyàn pé jọ, wọ́n gbọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń ta irú ló là á mọ́lẹ̀ fún mi.

"Ṣé ìyẹn náà nìyí? Ẹni tó ń gbé e kiri kó tó kan ìwọ, òun náà ló ń lù fún wa. Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ń kọrin lÉkòó ni?"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àwo orin títà nìyẹn. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń gbọ́ orin nínú asọ̀rọ̀mágbèsì lónìí, wọ́n rò pé inú àpótí yẹn ni orin ti ń hù. Tó bá kọ orin kan náà fún wọn lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́, wọ́n á ní òun ló dùn jù láyé. Inú a sì máa bí mi! Mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi wá orin rí nílùú yìí, mo mọ ohun tó ná mi.

Ọmọ Èkó ni ọ̀gá wa ní ṣọ́ọ̀bù àwo orin tó wà ní Gbági, Ọ̀gá Wílíámù là ń pè é. Kóòtù dúdú ló máa ń wọ̀ nínú oòrùn. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ fún un pé àwo tó ń ti Èkó wá ti sú àwọn èèyàn, pé orin wà n'Ìbàdàn níbí, á kàn yínmú ni. "Orin oko," lá wí. Ó tó ọdún kan gbáko kó tó gbà. Òyìnbó kan tó ń fi ẹ̀rọ gba ohùn sílẹ̀ ń bọ̀ wá sí Gbági, ìda mẹ́ta péré ló sì ṣẹ́kù tó lè fi sílẹ̀ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìda jẹ́. Àwo ńlá tó nípọn ni, ìda bíi ti oyin ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀rọ á sì máa fi abẹ́rẹ́ fa ìlà sí i lára bí èèyàn bá ṣe ń kọrin sínú ìwo. Wọ́n á gbé e lọ sílùú òyìnbó, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi rọ àwo tí à ń tà. Ohun tí ìda kan lè gbà kò ju ìgbà tí ẹni tí ebi ń pa á fi jẹ ẹ̀kọ méjì tán. Bó bá ti kún, ó kún nìyẹn, ẹ̀bẹ̀ ò sí ńbẹ̀.

Ọ̀gá Wílíámù wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Àdìsá, bí ohun tó o bá mú wá ò bá tà, ọ̀rọ̀ orin Ìbàdàn ti tán ní ṣọ́ọ̀bù yìí. Ìwọ náà á sì padà sídìí òfì bàbá ẹ."

Awunṣọ ni bàbá mi ní Ìdí Arẹ́rẹ́. Iṣẹ́ òfì ò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí kò lè jókòó sójú kan ni Ọlọ́run dá mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mò ń bi àwọn èèyàn pé ta ló mọ orin kọ ládùúgbò wọn. Ẹ má bi ará Ìbàdàn bẹ́ẹ̀ láé! Àna rẹ̀ ni yóò mú wá fún yín. Wọ́n mú ọkùnrin kan wá fún mi ní Mápó tó jẹ́ pé ikọ́ rẹ̀ pọ̀ ju orin rẹ̀ lọ. Wọ́n mú òmíràn wá, orin ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lórí àwo wa gan-an ló kọ fún mi, ó tún ní òun lòun ṣe é. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè.

Ìgbà tó yá ni ojú mi là. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè olórin mọ́. Ibi tí ọwọ́ bá ti ń ṣiṣẹ́ tí ẹnu ò níṣẹ́ ni mò ń lọ: ìsọ̀ awunṣọ, ìdí ọlọ, ẹ̀bá odò. Bí mo bá sì gbọ́ orin tí mi ò gbọ́ rí, ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: "Níbo lẹ ti gbọ́ ọ?" Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ orin kan lẹ́nu àwọn tó ń pọnmi ní Mápó. Wọ́n ní lẹ́nu àwọn oníṣu Bẹẹrẹ ni. Àwọn oníṣu ní ìdí aró ní Bẹ́yẹrúnká ni. Mo tọ orin yẹn láti ẹnu dé ẹnu títí mo fi dé ẹ̀yìnkùlé kan, ibẹ̀ ni mo ti bá Ìyá Rábì tó ń ro aró nínú ìkòkò, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgùnpá. Orin rẹ̀ nìyí:

"Ọwọ́ mi dúdú, kì í ṣe èérí o,
Ẹ wo aṣọ ọrùn yín kẹ́ ẹ tó bú mi."

Hà! Orí mi wú. Ohùn yẹn ń wọni lára bí omi tútù. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ aró, mo bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo padà lọ bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà. Ó ní òun ń wo ẹsẹ̀ mi ni, bóyá yóò rẹ̀ mí.

Ọjọ́ tí òyìnbó dé, mo lọ mú Ìyá Rábì láàárọ̀. Ẹ gbà mí! Kò sí ẹni tí obìnrin yìí ò kí lọ́nà. Ó kí elélùbọ́, ó bi í léèrè ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó kí alágbẹ̀dẹ, ó kí ìyá alágbẹ̀dẹ tó wà nínú ilé, ó sì dúró kí ìyá fi jáde wá dáhùn. Mo ń sọ pé, "Ìyá, òyìnbó ń dúró." Ó ní, "Ṣé òyìnbó ni yóò bá mi sọmọ lórúkọ ni?" Ọ̀sán ti pọ́n ká tó dé Gbági, òyìnbó ti pọ́n lójú bí epo.

A wọ yàrá òkè, mo mú Ìyá Rábì dúró síwájú ìwo, ìda àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo ń retí "Ọwọ́ mi dúdú." Ohun tí mo gbọ́ ni, "Mo kí bàálé, mo kí ìyálé, mo kí ará Bẹ́yẹrúnká lápapọ̀." Ó fi orin kí wọn dáadáa. Ó kí àgbà, ó kí ọmọ àgbà, ó kí ẹni tó wà lóko àti ẹni tó wà lájò. Ìkíni náà ò tíì parí tí ìda fi kún.

Mo fa Ìyá Rábì sẹ́yìn. "Ìyá, orin dà?"

"Orin ń bọ̀. Ṣé èèyàn á kàn já wọlé onílé ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin?"

"Kò sí onílé níbí! Ìwo ni!"

"Ìwo yẹn, ṣèbí o ní yóò gbé mi dé ilé àwọn èèyàn?"

Mo ní kó dín in kù. Ó ṣèlérí. Ìda kejì bẹ̀rẹ̀, ó sì rántí pé òun ò kí Bẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan, òun ò kí Ọjà'ba, pé Ìdí Arẹ́rẹ́ á bínú. Bó ṣe tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn! Mo dúró lẹ́yìn ìwo, mò ń ju ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko, pé kó dákẹ́, kó kọrin. Ó tẹjú mọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Mo tún wá kí…" Òyìnbó gbé abẹ́rẹ́ kúrò. Ìda kejì náà lọ.

Mo bínú lọ́jọ́ náà débi tí mo fi jágbe mọ́ ẹni tó ju ìyá mi lọ. Mo ní ó fẹ́ ba ayé mi jẹ́. Ìyá Rábì kàn wò mí, ó ní, "Ó dáa, Àdìsá. Ìwọ ló ní kí n wọlé wọn láìkí wọn. Kó wà lọ́rùn ẹ." Ló bá kọ orin náà látòkèdélẹ̀ sórí ìda kẹta, kò kí adìẹ. Ó dùn, ó mọ́ tónítóní. Òyìnbó yọ̀. Ó ní ẹ̀yìn àwo ò gbọdọ̀ ṣófo, pé òun á fi ìda kejì sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kò gbọ́ tèmi.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àwo dé. Mo gbé e jáde pẹ̀lú ìgbéraga, mo lu ojú kìn-ín-ní fún gbogbo ayé. Àwọn èèyàn gbọ́ ọ, wọ́n ń wo ara wọn. Ọkùnrin kan ní, "Ta leléyìí? Kí ló dé tí kò kí wa?" Òmíràn ní ó jọ pé ó ń bá èèyàn jà. Ẹyọ kan péré ni mo tà, obìnrin olóbì kan ní Bẹẹrẹ ló rà á. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ọ̀gá Wílíámù ní kí n kó ìyókù sínú àpótí, kí n sì lọ kí bàbá mi lọ́jọ́ Sátidé. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń wí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni olóbì yẹn wá bá mi, ojú rẹ̀ le.

"Ẹ̀yin ọmọ Gbági yìí, ẹ kàwé, ẹ ò gbọ́n. Ẹ kọ nọ́ńbà àwo yìí sódì!"

"Báwo ni, Ìyá?"

"Ojú kejì ló ṣáájú. Ibẹ̀ ló ti kí wa. Ìgbà tó bá kí wa tán lèèyàn á tó yí i padà, kó wá kọrin."

Èmi, ọmọ bíbí Ìdí Arẹ́rẹ́! Èmi tí bàbá mi máa ń gbá létí bí mo bá kọjá àgbà láìdọ̀bálẹ̀! Mo gbé giramafóònù, mo sáré lọ sí Bẹẹrẹ, mo lu ojú kejì. "Mo kí ará Bẹẹrẹ," ni ìwo wí. Ẹ wo àgbàlagbà tí wọ́n ń dá ìwo lóhùn: "A dúpẹ́ o, Ìyá! Aró á dára o!" Àwo tán lọ́wọ́ mi kí ọjà tó tú. Ọ̀gá Wílíámù kò sọ̀rọ̀ òfì mọ́, ó kàn ní kí n lọ wá òmíràn.

Wàhálà tuntun ló wá dé. Ojú kejì parí sórí "Mo tún wá kí…" Gbogbo oníbàárà ló ń bi mí léèrè: ta ló fẹ́ kí? Àwọn kan ní Baálẹ̀ ni, àwọn kan ní ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni. Ọkùnrin méjì jà sí i lójúde ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fa aṣọ ara wọn ya. "Mi ò mọ̀! Ẹ fi mí sílẹ̀!" Mo wí i títí ohùn mi fi há. Nígbà tí kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́, mo gba Bẹ́yẹrúnká lọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún ariwo tí mo pa mọ́ ọn, mo sì bi í.

Ìyá Rábì ò dáwọ́ aró rírò dúró. "Ṣé o ò mọ̀ ni? Ta ló ń ju ọwọ́ bí aṣiwèrè ìránṣẹ́ níwájú mi lọ́jọ́ náà?" Ó wá gbé ohùn sókè, bó ṣe ń kọ ọ́ lọ́jọ́ náà: "Mo tún wá kí Àdìsá ọmọ awunṣọ. Ẹsẹ̀ tó o fi wá mi wá, o ò ní fi ṣìnà."

Èmi tí mò ń bínú pé ìkíni ti pọ̀ jù, ìkíni tèmi ló kù.

Mi ò sọ ọ́ fún oníbàárà kankan rí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwo náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ó ti há lóhùn. Bí ó bá dé "Mo tún wá kí…" tó sì gé, àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Bàbá ti tún bẹ̀rẹ̀." Wọ́n máa ń gbọ́ tí mò ń dá a lóhùn: "Mo gbọ́ o, Ìyá. Ẹ ṣé."