Lẹ́tà tí Ojú Rí tí Ẹ̀rọ Kò Rí

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Ìyá Stamena wọ ilé ìkàwé abúlé Gorno Vrabtsi, abọ́ bánítsa oníwàràkàṣì gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Galya, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà lórí ibùsùn ọsibítù ní Sípéènì. Aago mọ́kànlá géérégé ni wọn yóò gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ìyá fẹ́ rí ojú ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e.

Zdravka ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé kan ní Ruse kí wọ́n tó tì í pa. Bí o bá di obìnrin yìí lójú, tí o fi lẹ́tà kan sí i lọ́wọ́, yóò sọ orúkọ rẹ̀ fún ọ, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́jọ tí àwọn ará ìlú ńlá ti kó dà nù ló fi Línúsì, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, jí dìde. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ó kàn ń bà á jẹ́ tó sì ń tún un ṣe títí ó fi mọ̀ ọ́n.

Ó ṣí ojú ìwé ọsibítù náà, níbi tí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ti ń ríra lórí fídíò. Ẹ̀rọ ní aṣàwákiri wọn, ètò tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, ti gbó, kí wọ́n wá tuntun.

Tuntun kò tíì dé inú àká tí Línúsì fúnra rẹ̀ ń kó ètò sí. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wà káàkiri ayé tí wọ́n ń kọ ìlànà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ibi tí ẹ̀rọ yóò ti lọ gbé aṣàwákiri, àti bí yóò ṣe tò ó. Zdravka kì í lo ìlànà ẹnikẹ́ni láìkà á tán. Ẹni tí kò mọ ọwọ́ tó se ọbẹ̀ a máa yẹ ìkòkò wò. Ó ka ti Bozhil, ará Varna kan tó ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́sàn-án, ó sì pàṣẹ. Ẹ̀rọ lọ, ó sì bọ̀ lọ́wọ́ òfo: kò sí àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀.

Krum, akọ̀wé abúlé, na ọrùn wò ó láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n Zdravka, ìlànà mìíràn wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tẹ 'Bẹ́ẹ̀ ni', ká máa lọ."

"Ìjẹta ni wọ́n gbé e síbẹ̀. Ta ló gbé e? Wo ibí: ó ní kí ẹ̀rọ má yẹ nọ́ńbà èdìdì wò, èyí tó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò tọwọ́ bọ ẹrù. Ẹni tó ní ká má tú ẹrù òun, kí ló dì sínú rẹ̀?"

"Wọ́n fẹ́ la ọmọ èèyàn láyà, ẹ̀yin ń kàwé bí àlùfáà."

"Orí ẹ̀rọ yìí ni ìdajì abúlé ti ń wọ ilé ìfowópamọ́ wọn. Ìwọ náà wà níbẹ̀, Krum. Ṣé kí n fún olè ní kọ́kọ́rọ́ rẹ?"

Ìyá Stamena ló wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lọ: "Zdravka, ọmọ mi, èyí tó bá wù ọ́, tẹ̀ ẹ́. Kí n ṣáà rí i."

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju èébú Krum lọ. Ìka Zdravka dé orí bọ́tìnnì. Ó dúró síbẹ̀. Ó fà á padà.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Ó padà sórí ìlànà Bozhil, ó ka àdírẹ́sì náà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kò sí lẹ́tà tó fò, kò sí èyí tó lé. Ìgbà náà ló rántí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ní Ruse máa ń wí: ojú a máa purọ́, fi ọwọ́ tò ó. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì náà, ó ní kí ẹ̀rọ wá a nínú ìlànà. Ẹ̀rọ ní òun kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ó wà níwájú rẹ̀ gbangba.

"Ìbejì," ni Zdravka wí.

"Ìbejì wo?" Krum ti wọlé tán báyìí.

"C ti àwọn ará òkèèrè àti с tiwa, tó ń dún bí S. Ojú kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ní ilé ìtẹ̀wé, àpótí wọn yàtọ̀. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀, ìfọ́tí ni. Déètì ibí ní Bozhil tún ìlànà ṣe láàárọ̀ yìí, kò sì yí bọ́tìnnì ìtẹ̀wé rẹ̀ kúrò ní lẹ́tà ti ilé."

Ó yẹ gbogbo C inú àdírẹ́sì náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta ni. Ó pa á rẹ́, ó fi ti òkèèrè rọ́pò, ó pàṣẹ. Ẹrù náà ń wọlé bí ìgbín. Nígbà tó dé, Zdravka ṣí ojú ìwé àwọn tó ṣe aṣàwákiri náà, ó fi nọ́ńbà èdìdì wọn wé ti ẹrù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Ìyá Stamena sì di etí tábìlì mú. Wọ́n bára mu.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Zdravka tún ṣí ojú ìwé ọsibítù, ojú Galya sì yọ, fìlà ọsibítù lórí rẹ̀.

"Màmá, ẹ ti jẹun?"

"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́."

Nọ́ọ̀sì kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó ń béèrè bóyá ọkàn ìyá ti balẹ̀. Ìyá Stamena mi orí sọ́tùn-ún, ó mi ín sósì. Ojú nọ́ọ̀sì rẹ̀wẹ̀sì. Galya bú sẹ́rìn-ín: "Bẹ́ẹ̀ ni ló ń wí. Báyìí la ṣe ń wí i nílé." Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí wọ́n tì í lọ.

Ìyá Stamena kò dìde. Ó ní òun yóò dúró níbẹ̀ títí wọn yóò fi gbé e jáde. Zdravka kọ̀wé sí Bozhil: C kẹta nínú àdírẹ́sì rẹ, àpótí rẹ ti dàrú. Èsì dé kíákíá: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ta ni ẹ̀yin?"

"Atolẹ́tà," ló kọ, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti Ìyá Stamena.